Seattle, Ìlú Tí Panápaná Ti Ń Jí Ọkàn

Ní ìlú Seattle, bí ènìyàn bá ṣubú lulẹ̀ lójú ọjà tí kò sì mí mọ́, ọkọ̀ panápaná ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé kankan kò jó, èéfín kankan kò rú. Panápaná mẹ́rin yóò bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ràgàjì kan tó gbé omi àti rọ́bà, wọn yóò kúnlẹ̀ yí ẹni náà ká. Ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà, èkejì yóò máa fún un ní atẹ́gùn, ẹ̀kẹta yóò so ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn mọ́ ọn. Ọ̀gá wọn ni ẹ̀kẹrin, òun ló ń wo aago. Níbi tí mo dàgbà sí, bí a bá gbọ́ fèrè panápaná, orí òrùlé là ń gbé ojú sí, èéfín là ń wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Seattle fi wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìsinmi mi níbẹ̀ láti máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kiri.

Seattle wà ní ìpínlẹ̀ Washington, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó jìnnà réré sí Washington tí ààrẹ wọn ń gbé. Omi òkun tí wọ́n ń pè ní Puget Sound wà lápá kan rẹ̀, adágún Lake Washington wà lápá kejì, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì kún àárín méjèèjì. Òjò wẹliwẹli ló pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo wá kí ń gbé ní Renton, lápá gúúsù ìlú náà, nọ́ọ̀sì ni. Mi ò tíì tú báàgì mi tán tí wọ́n fi na fóònù kan sí mi.

“Àbúrò mi, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tí mi ò sí nílé, 911 ni kí o pè. Má kọ́kọ́ pe pásítọ̀, má pe èmi náà. Ibi tí o wà ni kí o kọ́kọ́ sọ, kí o tó sọ ohun tó ṣe ọ́.”

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí àdírẹ́sì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Wọ́n ní, “Bí ohùn rẹ bá já lẹ́yìn tí o sọ ibi tí o wà, wọn á ṣì wá. Bí o bá sọ gbogbo àìsàn rẹ láìsọ ibi tí o wà, ta ni yóò rí ọ?”

Pioneer Square ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn panápaná ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé bíríkì àtijọ́ ló kún àdúgbò yẹn, iná ló sì sọ wọ́n di bíríkì. Ní ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1889, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní igun tí Madison Street ti pàdé títì tí wọ́n ń pè ní First Avenue lónìí, gúlúù tí wọ́n gbé ka iná hó dànù, ó sì gbiná. Òṣìṣẹ́ kan da omi lé e. Omi náà fọ́n iná ká orí èérún pákó àti tápẹ́ńtáìnì tó wà nílẹ̀, ó di ohun tí apá kò ká mọ́. Àwọn panápaná ìgbà náà kì í gbowó oṣù, ẹni tó bá ráyè ló ń wá. Olórí wọn, Josiah Collins, kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ sí ìpàdé àwọn panápaná ní San Francisco. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni ọ̀pá omi, igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá ọ̀hún, bí rọ́bà sì ṣe ń pọ̀ sí i lórí wọn ni omi ń ro tó, tó, tó. Wọ́n sáré lọ fa omi òkun, òkun ti fà sẹ́yìn, rọ́bà wọn kò débẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nǹkan bí éékà 120 láàárín ìlú ti di eérú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èbúté wọn.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Seattle dá ẹgbẹ́ panápaná olówó oṣù sílẹ̀, Gardner Kellogg sì ni olórí àkọ́kọ́. Wọ́n ṣòfin pé bíríkì àti òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́lé láàárín ìlú. Ìlú gba ọ̀rọ̀ omi sọ́wọ́ ara rẹ̀, títí wọ́n fi fa omi odò Cedar wọ̀lú ní 1901. Wọ́n gbé títì sókè pẹ̀lú, débi pé ìsàlẹ̀ àwọn ilé kan di abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó báyìí láti wọ̀. Mo wọ ibẹ̀. Ó tutù, ó ń rùn bí ògiri tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú gíláàsì kéékèèké tí wọ́n tò sójú títì lókè orí wa wọlé, àwọ̀ rẹ̀ ti di elésè-àlùkò. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ro ìpinnu tí àwọn ará ìlú náà ṣe. Ilé wọn jó, wọn kò dúró lórí àánú ṣíṣe nìkan. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ iná kọjá ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ráyè, wọ́n sì gbà láti máa sanwó rẹ̀. Lójú tèmi, nínú ìpinnu yẹn ni gbogbo ohun tí mo wá rí lẹ́yìn náà ti hù jáde.

Àgọ́ panápaná tó lé ní 30 ló wà ní Seattle lónìí, wọ́n tú wọn ká àdúgbò kọ̀ọ̀kan, nítorí ìṣẹ́jú ni wọ́n ń bá jà. Ìlànà kan wà tí àwọn panápaná Amẹ́ríkà ń fojú sùn: bí ìpè àìsàn bá dé, kí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60. Bó bá jẹ́ ti iná, wọ́n fún wọn ní 80, nítorí ẹ̀wù tí wọn yóò wọ̀. Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì ti rìn débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ dúró, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láyà ń gé nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìrètí ìyè rẹ̀. Áńbúláǹsì tó ń ti ọsibítù kan ṣoṣo bọ̀ láàárín ìlú kò lè bá irú aago bẹ́ẹ̀ sáré. Àgọ́ panápaná ló ti wà nítòsí ilé gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀, nítorí iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ronú kan èyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo wọ ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n sì gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n to ṣòkòtò iná wọn sí: wọ́n ti ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan bọ inú bùútù, wọ́n ká a wálẹ̀, kí ẹni tí ìpè bá dé bá lè ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó fà á sókè, kó máa lọ. Wákàtí 24 ni wọ́n ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀wọ́ mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Nítorí náà, ibùsùn wà, ilé ìdáná ńlá wà pẹ̀lú tábìlì gbọọrọ. Wọ́n ń dáwó oúnjẹ jọ, wọ́n ń sè é fúnra wọn. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà fún mi. Mo retí àáké àti irin. Àáké àti irin wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní àyè tí ọwọ́ ń yá dé jù lọ, àpò ìwòsàn ló wà níbẹ̀: agolo atẹ́gùn, ohun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ ìjí-ọkàn, oògùn tí wọ́n ń fín sí imú ẹni tí oògùn olóró ti fẹ́ pa. Ó ní gbogbo panápaná ìlú náà ló kọ́ iṣẹ́ EMT, èyí tó jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti pé ìpè àìsàn pọ̀ ju ìpè iná lọ fíìfíì. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye omi tí ọkọ̀ ń gbé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fojú ara mi rí iṣẹ́ wọn, ní Third Avenue níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì pọ̀ sí. Bàbá kan rọra jókòó sílẹ̀ létí títì, ó di àyà mú, òógùn bò ó. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sétí, àdírẹ́sì ló sì kọ́kọ́ sọ, mo gbọ́ ọ. Ọkọ̀ pupa dé. Wọ́n bá bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní atẹ́gùn. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ kejì tó kéré sí ti àkọ́kọ́ yọ, wọ́n kọ Medic sí i lára, àwọn méjì ló sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni paramẹ́díìkì. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà bàbá náà, ìwé gígùn kan ń jáde láti inú ẹ̀rọ, wọ́n kà á, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀kan sì ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Kò sí ẹni tó pariwo. Kò sí ẹni tó ń ti èrò sẹ́yìn, èrò fúnra wọn ti yà fún wọn.

Bí ìpele méjì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn EMT inú ọkọ̀ panápaná pọ̀, wọ́n sún mọ́ni, àwọn ló ń kọ́kọ́ dé. Àwọn paramẹ́díìkì kò pọ̀, ibi tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́ nìkan ni wọ́n ń rán wọn lọ, kí ọwọ́ wọn má baà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gidi. Bí àìsàn kò bá le, ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì aládàáni ni yóò gbé aláìsàn lọ. Ẹ̀kọ́ tí paramẹ́díìkì Seattle ń kọ́ ju wákàtí 2,500 lọ, abẹ́ àwọn dókítà Yunifásítì Washington àti ọsibítù Harborview ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ.

Dókítà ọkàn kan ní Harborview, Leonard Cobb, ló bẹ̀rẹ̀ ètò paramẹ́díìkì yìí pẹ̀lú ọ̀gá panápaná ìgbà náà, Gordon Vickery. Ní 1966, Frank Pantridge ní Belfast ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ gbé ìtọ́jú ọkàn lọ bá aláìsàn nílé, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Dókítà ló ń wọ ọkọ̀ ti Belfast. Cobb béèrè ìbéèrè mìíràn: ṣé a kò lè kọ́ panápaná ní iṣẹ́ yìí? Vickery gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 1970, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ bọ́ sójú títì. Ilé alágbèéká ni wọ́n sọ di ọkọ̀ ìtọ́jú, ó tóbi, ó sì nira láti wà, àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Moby Pig. Ètò náà sì ń jẹ́ Medic One títí di òní.

Ohun tí Cobb àti Vickery ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí iṣẹ́ wọn tó tóbi jù. Wọ́n rí i pé bí ọkọ̀ ṣe lè yá tó, ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣì pẹ́ fún ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn nígbà tó ṣubú nìkan ló lè di àlàfo yẹn. Ní 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú bí a ṣe ń tẹ àyà: àwọn olùkọ́, àwọn awakọ̀, àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n pe ètò náà ní Medic Two, ìyẹn ni pé ará ìlú gan-an ni igbá-kejì paramẹ́díìkì. Nígbà tó di ọdún 1974, ètò tẹlifíṣàn 60 Minutes ti ń sọ fún gbogbo Amẹ́ríkà pé bí ọkàn ènìyàn bá máa dá, Seattle ni kó ti dá.

Ní àwọn ọdún 1980, Mickey Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King County, àgbègbè tí Seattle wà, fi fóònù kún un. Bí ìpè 911 bá jẹ́ ti iná tàbí àìsàn ní Seattle, yàrá kan ló ń lọ níbi tí àwọn panápaná fúnra wọn ti ń dáhùn. Bí wọ́n bá ti gba àdírẹ́sì, ìbéèrè méjì ló kù tó ṣe kókó jù. Ṣé ó mọ ara rẹ̀? Ṣé ó ń mí bó ṣe yẹ? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹni tó gbé fóònù kò tún ní béèrè nǹkan kan mọ́: yóò ní kí o tẹ́ ẹni náà sílẹ̀ gbalaja, kí o kúnlẹ̀, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí o máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ọgọ́rùn-ún sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì máa kà á sí ọ létí títí àwọn panápaná yóò fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kejì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dá ṣì lè máa mí gùn-ùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń hanrun, àwọn ará ilé yóò ní ó ń sùn. “Bó bá ń hanrun tí o jí i tí kò jí, kì í ṣe oorun,” wọ́n ní kí n há a sórí.

Èrè iṣẹ́ yìí hàn kedere. Nínú àwọn tí ọkàn wọn dá lójú ẹlòmíràn, tí ọkàn náà sì ń gbọ̀n lọ́nà tí iná mànàmáná lè tún ṣe, nǹkan bí ìdajì ló ń padà sílé láàyè ní King County. Ní ọdún 2013, ó tó 62 nínú ọgọ́rùn-ún.

Harborview fúnra rẹ̀ wà lórí òkè First Hill, o lè rí i láti ọ̀pọ̀ ibi nísàlẹ̀ ìlú. Àwọn tó jóná, tí mọ́tò kọlù tàbí tí ìbọn bà láti Washington, Alaska, Montana àti Idaho, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Bàálù tó ń gbé wọn náà ní ìtàn tirẹ̀: lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé mẹ́ta kú nínú iná ilé kan ní Sitka ní Alaska nítorí pé kò sí ohun tí a lè fi gbé wọn dé Seattle kíákíá, dókítà Michael Copass dá Airlift Northwest sílẹ̀ ní 1982.

Ta ló ń san owó Medic One? Àwọn onílé. Láti 1979 ni àwọn ará King County ti ń dìbò lórí owó orí ilé kan tó jẹ́ ti Medic One nìkan. Èyí tí wọ́n dìbò fún ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́ǹtì 26 ààbọ̀ lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ilé ènìyàn tó, fún ọdún mẹ́fà. Bí àsìkò rẹ̀ bá pé, wọ́n tún máa ń padà wá bẹ àwọn ará ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé owó orí ilé wọn hàn mí, ìlà náà dá dúró níbẹ̀, èèyàn rí iye rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Inú wọn kì í dùn sí owó orí, wọ́n ń kùn sí àwọn ìlà yòókù. Sí ìlà yẹn, wọn kò kùn.

Ìlú náà ní ìṣòro tí ọkọ̀ pupa kò lè tán. Lábẹ́ afárá àti ní àwọn igun títì kan láàárín ìlú, mo rí àwọn ènìyàn tó ń sùn nínú àgọ́ ọ̀rá, àti àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pe panápaná sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n dá Health One sílẹ̀: panápaná méjì àti òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan nínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n ń lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí yóò sùn àti ibi tí yóò ti gba ìtọ́jú fún un. Ní 2023, wọ́n fi ọ̀wọ́ mìíràn kún un fún àwọn tí oògùn fẹ́ pa. Kò tíì tó, ojú títì ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n rí ìdààmú tuntun, wọ́n sì wá ọwọ́ tó yẹ ẹ́.

Ní Occidental Square, ní àdúgbò Pioneer Square, ère panápaná mẹ́rin wà, idẹ ni wọ́n fi rọ wọ́n, wọ́n wọ ẹ̀wù iná pẹ̀lú agolo atẹ́gùn lẹ́yìn. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1995 ni wọ́n fi ń rántí, nígbà tí ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí Mary Pang já mọ́ àwọn panápaná mẹ́rin lẹ́sẹ̀ sínú iná tó ń jó nísàlẹ̀. Ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ dá iná náà. Mo ka orúkọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kí wọn ní èdè wa, nítorí kò sí èdè mìíràn tí mo lè fi kí òkú dáadáa.

Èkó ń sọ sí mi lọ́kàn jálẹ̀ ìrìnàjò náà. A ní nọ́ḿbà tí a lè pè ní Èkó, 767 àti 112. LASAMBUS, ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì ìpínlẹ̀ Èkó, ti ń gbé aláìsàn láti 2001, panápaná ìpínlẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, gbogbo wọn sì ń ja ogun sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí Seattle kò mọ̀. N kò rò pé kí a kó ètò Seattle bó ṣe wà wá sílé. Owó rẹ̀ pọ̀, títì wa yàtọ̀. Èyí tó kéré jù lówó nínú rẹ̀ ni mo ń wò: ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá ṣubú, èrò kì í ṣọ̀wọ́n. Omi ni a ń dà sí i lójú, ṣíbí ni a ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ń gbé e sínú dánfó. Ìfẹ́ àti ìyára wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ni kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ọjọ́ Sátidé. Mo jókòó sẹ́yìn. Ọmọláńgidi tó ní orí àti àyà nìkan ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin àti obìnrin sì ń kúnlẹ̀ tì í níkọ̀ọ̀kan, àwọn kan wọ ìró, wọ́n ká a sókè. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbé ọwọ́ sókè.

“Nọ́ọ̀sì, bí mo bá wá fọ́ egungun àyà ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?”

“Ẹ fọ́ ọ, Mà. Egungun ń jinná. Òfin ibí sì wà lẹ́yìn yín.”

Màmá náà kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ inú ọmọláńgidi náà sì ń dún kọ́, kọ́, láti fi hàn pé ó wọlé tó. Láti 2013 ni òfin ìpínlẹ̀ Washington ti ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ọmọláńgidi kejì, wọ́n fẹ́ kó o wá sílé ní Kérésìmesì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n sì ti ní kí n wá bá àwọn kọ́ kíláàsì kejì.